Ẹ gbà mí o, ọmọ mi kì í jẹ ẹ̀dọ̀: báwo lẹ ṣe ń sè é fún tiyín?

Ìyá Àánú (Owódé, Ọ̀yọ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló gbé mi wá. Ọmọ mi kékeré, ọmọ ọdún mẹ́rin, ó ti ń rẹ̀ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀ báyìí. Kì í fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré mọ́, inú ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ náà funfun. A gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, jẹ́ 29, kò pé tó. Wọ́n fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀ àti oògùn aràn, wọ́n sì ní kí n máa fún un ní ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀fọ́.

Oògùn ń lọ dáadáa. Ẹ̀dọ̀ ni wàhálà. Mo ra ẹ̀dọ̀ màlúù l'Akẹ́sán, mo bọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ẹran yòókù, mo gé e sínú ọbẹ̀. Ó fi kan ẹnu, ó tu ú dànù, ó ní ó ń rùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ó ń há òun lọ́fun. Ìyá ọkọ mi tó ń gbé pẹ̀lú wa ní kí n fi ọmọ sílẹ̀, pé ọmọdé tí wọ́n bá ń fi ẹ̀dọ̀ àti iwe kẹ́, olè ló máa dà. N kò fẹ́ bá màmá jiyàn, ṣùgbọ́n ara ọmọ ló ń ká mi lára.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń se ẹ̀dọ̀ àti ẹran inú yòókù tí àwọn ọmọ fi ń jẹ ẹ́? Ó máa wù mí kó jẹ́ ohun tí gbogbo ilé lè jọ jẹ, nítorí n kò lè máa se ọbẹ̀ ọ̀tọ̀ fún ọmọ kan ṣoṣo.

Bàbá Jíbọ́lá

Ẹ fi àlùbọ́sà rẹpẹtẹ dín in, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́ sórí ìrẹsì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn, kì í ṣẹ́kù.

Ìyá Olóúnjẹ Tàkíé (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìyá Àánú, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ara Àánú á le, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á pé lágbára Ọlọ́run. Àmàlà ni mò ń tà ní Tàkíé níbí, alápatà sì ni bàbá àwọn ọmọ mi, nítorí náà ẹran inú ni mo fi ń jí, òun ni mo fi ń sùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ẹ ní ẹ bọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ẹran yòókù. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹran màlúù lè lo wákàtí kan lórí iná kó tó rọ̀, ṣàkì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀dọ̀ tí wọ́n bá gé tínrín kò fẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Tó bá ti bá ẹran pẹ́ nínú ìkòkò, gbogbo omi ara rẹ̀ á gbẹ, á le, á wá máa fọ́ lẹ́nu bí erùpẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ọbẹ̀ kan. Ọmọ tó bá tu irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ dànù kò ṣẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ Iléyá. Ẹ̀dọ̀ àgbò la máa ń kọ́kọ́ dín. Kí wọ́n tó kun ẹran tán, ó ti wà nínú abọ́, àwọn ọmọdé á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jà sí i. Àwọn ọmọ kan náà tó ń sá fún ẹ̀dọ̀ lọ́jọ́ mìíràn ni o. Ẹ̀dọ̀ ọjọ́ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára ẹran ni, wọn kò sì jẹ́ kó pẹ́ lórí iná.

Nítorí náà, iwájú alápatà ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ tètè lọ sọ́jà láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ̀dọ̀ tó dára máa ń dán, ó pupa dúdú, bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á padà sípò. Èyí tó bá ti ń fà lọ́wọ́, tàbí tí òórùn rẹ̀ ti yí, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Ẹ wá wo ibi tí wọ́n ti gé òróòro kúrò lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí ibẹ̀ ní àwọ̀ ewé, òróòro ti bẹ́ sí i nìyẹn. Kò sí bí ẹ ṣe lè fọ̀ ọ́ tí kíkorò náà á fi lọ. Ẹ ní kí alápatà gé gbogbo ibẹ̀ dànù kó tó wọ̀n ọ́n fún yín. Ìwọ̀nba kékeré tó bá ṣẹ́kù tó láti ba odindi ìkòkò ọbẹ̀ jẹ́, ọmọdé ló sì máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ẹ tún ní kó la á lójú yín. Bí àwọn ihò tó gba inú rẹ̀ kọjá bá le gbagidi, tàbí tí kòkòrò pẹlẹbẹ bá ń jáde níbẹ̀, ẹ má rà á, bó ti wù kó dínwó tó.

Tí ẹ bá délé, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lára ẹ̀dọ̀. Ẹ ti ìka bọ abẹ́ rẹ̀ láti etí kan, ẹ rọra máa bó o. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bó o, awọ yìí sì ló máa ń sún kì nínú òróró tí ẹ̀dọ̀ á fi ká kò, òun ló sì ń há àwọn ọmọ lọ́fun. Ẹ gé àwọn iṣan funfun inú rẹ̀ kúrò. Ẹ gé e tínrín, kó má nípọn ju ìka kan lọ. Ẹ wá rẹ ẹ́ sínú omi tútù tí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Kó tó ìdajì wákàtí, ẹ̀jẹ̀ á ti jáde sínú omi, òórùn á sì ti dínkù. Ẹ ṣàn án, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ nu omi ara rẹ̀ gbẹ. Tí ara rẹ̀ bá tutù wọnú òróró, á kàn máa hó ni, kò ní dín.

Ó di orí iná. Kí òróró gbóná dáadáa. Ẹ tẹ́ ẹ̀dọ̀ sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má kó o jọ. Ẹ máa wo òkè rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á kọ́kọ́ máa yọ lójú rẹ̀ ní tótòtó, àwọ̀ rẹ̀ á máa yí láti etí wá sí àárín. Ìgbà yẹn ni kí ẹ yí i padà. Tí ẹ bá gé ọ̀kan sí méjì tí inú rẹ̀ kò pupa mọ́, ó ti jinná, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Fún ọmọdé, kò gbọdọ̀ sí pupa nínú rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ di pákó náà. Inú òróró kan náà ni kí ẹ da àlùbọ́sà sí, lẹ́yìn náà tàtàṣé àti tòmátì, kí ata rodo rẹ̀ má pọ̀. Ìgbà tí ata bá dín tán ni ẹ̀dọ̀ á padà wọlé, kó lo ìṣẹ́jú méjì péré pẹ̀lú iyọ̀. Ìyẹn dára fún ìrẹsì, fún iṣu sísè, fún ẹ̀wà.

Ṣùgbọ́n Àánú ti kórìíra rẹ̀ báyìí, kò ní fẹ́ rí i lójú. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ láìrí i. Ẹ bọ ẹ̀dọ̀ náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti atalẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá fi gíréétà rin ín bí ẹni ń rin gbágùúdá. Á kúnná wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ dà á sínú ọbẹ̀ ata tí ẹ máa bu lé gbẹ̀gìrì àti ewédú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Nílùú tiwa tí a ti ń jẹ ọkà kí a tó mu ẹ̀kọ yangan, láàárọ̀ kùtùkùtù ni mo máa ń fún àwọn ọmọ-ọmọ mi kí wọ́n tó lọ síléèwé. Òmíràn tún ni móínmóín. Ẹ po ẹ̀wà lílọ̀ yín bí ẹ ṣe ń pò ó, ẹ wá da ẹ̀dọ̀ rírin sí i pẹ̀lú epo pupa, ẹ pọ́n ọn sínú ewé eéran. Òórùn ewé yẹn máa ń bo ti ẹ̀dọ̀ pátápátá, ó sàn ju inú ike àti agolo lọ. Tó bá ti mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ máa rin ín kí ó má kúnná tó bẹ́ẹ̀ mọ́, títí tí òun náà á fi máa rí i lójú tí kò sì ní sá.

Ọ̀nà mìíràn wà tí mo fẹ́ràn jù fún ọmọ tó ń ṣa ẹran jẹ: ọkàn màlúù. Kò ní òórùn ẹ̀dọ̀, kì í fọ́ lẹ́nu, ẹran gidi lọmọ á rò pé òun ń jẹ. Ẹ là á, ẹ fọ ẹ̀jẹ̀ dídì inú rẹ̀ dànù, ẹ gé ọ̀rá àti iṣan rẹ̀ kúrò, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ bọ̀ ọ́ títí tó fi rọ̀. Iwe adìẹ náà ńkọ́? Ẹ bọ̀ ọ́, ẹ gé e sí mẹ́rin mẹ́rin, ẹ dín in, kí ẹ dà á pọ̀ mọ́ dòdò àti ata díndín. Ẹ sọ fún mi bí ọmọ kan bá kọ̀ ọ́. Kíndìnrín kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀: ẹ ní láti là á sí méjì, kí ẹ gé gbogbo funfun àárín rẹ̀ kúrò, kí ẹ máa pààrọ̀ omi iyọ̀ tí ẹ rẹ ẹ́ sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òórùn ìtọ̀ kò ní lọ. Ti ṣàkì àti àbọ̀dí, èmi ń tà wọ́n lójoojúmọ́, wọ́n dùn nínú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ ọmọ ni ẹ ń lé, ẹ má fi owó yín ra wọ́n dípò ẹ̀dọ̀ àti ọkàn.

Ní ti màmá, ẹ má bá wọn jiyàn rárá. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn; ayé ìgbà tí iwe adìẹ jẹ́ ti baálé, tí ọmọdé ń jẹ ẹsẹ̀ àti orí. Bí ẹ bá ti sè é tán, ẹ kọ́kọ́ bu tiwọn, ẹ kúnlẹ̀ gbé e fún wọn, kí ẹ wá sọ pé, "Màmá, ilé ìwòsàn ló ní kí Àánú máa jẹ ẹ́ bí oògùn, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè pé." Ìyá àgbà wo ló máa ní kí ọmọ-ọmọ òun má lo oògùn? Tó bá yá, àwọn gan-an ni á máa fi ọwọ́ ara wọn fún un.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Olóúnjẹ. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ìwọ̀n, nítorí ẹ̀dọ̀ lágbára púpọ̀, kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń jẹ lójoojúmọ́.

Nínú 100 gíráàmù ẹ̀dọ̀ màlúù tó ti jinná, èròjà áyọ́ọ̀nù tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ máa ń tó nǹkan bí mílígíráàmù 6. Ọmọ ọdún 4 sí 8 nílò 10 lójúmọ́. Ara sì máa ń gba áyọ́ọ̀nù inú ẹran dáadáa ju ti inú ẹ̀fọ́ lọ. Àmọ́ fítámínì A inú 100 gíráàmù ẹ̀dọ̀ náà lè ju máíkírógíráàmù 9,000 lọ, bẹ́ẹ̀ 400 ni ọmọ ọjọ́ orí yẹn nílò lójúmọ́, irú ti inú ẹ̀dọ̀ yìí kò sì yẹ kó máa kọjá 900 lójúmọ́. Ara kì í tètè tu àṣẹ́kù rẹ̀ dànù, ńṣe ló máa ń kó o pamọ́. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó má ju bíi páálí ìṣáná lọ fún Àánú. Ti epo pupa yàtọ̀, ìwọ̀n tí ara bá nílò ló máa ń yí padà sí fítámínì A, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ adìẹ gan-an ni mo máa ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n wá. Áyọ́ọ̀nù inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti màlúù, fítámínì A rẹ̀ kò sì tó ìdajì. Ó tún rọ̀. Ọkàn màlúù tí Ìyá Olóúnjẹ dárúkọ, áyọ́ọ̀nù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ẹ̀dọ̀ màlúù dọ́gba, kò sì ní wàhálà fítámínì A. Ẹ lè máa fún un níyẹn láwọn ọjọ́ yòókù nínú ọ̀sẹ̀.

Ẹ fún un lọ́sàn mu lẹ́yìn oúnjẹ, tòmátì àti tàtàṣé inú ọbẹ̀ náà wúlò, wọ́n ń jẹ́ kí ara gba áyọ́ọ̀nù. Ẹ má fún un ní tíì tàbí kòkó pọ̀ mọ́ oúnjẹ náà, wọ́n ń dí i lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó sùn nínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, nítorí ibà máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ju bí ẹ̀dọ̀ ṣe lè tún un ṣe lọ. Ẹ sì ṣe àyẹ̀wò jínótáìpù rẹ̀ bí ẹ kò bá tíì ṣe é. Ọmọ tó bá jẹ́ SS, pàápàá èyí tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára rí, ẹ má fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní áyọ́ọ̀nù láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí ẹ lò ó, nítorí áyọ́ọ̀nù lè ti pọ̀ jù lára rẹ̀.

Ọmọ Alápatà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Odò ẹran ni mo dàgbà sí. Ẹran tí dókítà ẹran bá ti yẹ̀ wò ni kí ẹ máa rà, ẹ má ra ti ẹni tó pa ẹran sẹ́yìnkùlé. Ibi tí dókítà kọ́kọ́ ń tẹ̀ wò ni fùkù àti ẹ̀dọ̀, nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe màlúù náà, ó sì lè ran èèyàn. Bí ẹ bá fọwọ́ tẹ fùkù tí ẹ bá kókó líle nínú rẹ̀, tàbí tí ẹ là á tí nǹkan tó jọ ọyún bá wà níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ kíá. A tún ní àwọn tó máa ń gé ibi tó bàjẹ́ kúrò kí wọ́n tó pàtẹ ìyókù. Ẹ̀dọ̀ tí ẹ bá rí tí wọ́n ti gé ní gígékúgèé lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ bèèrè ìdí.

Bàbá Akẹ́sán

Ẹ̀yin ìyá, ẹ rántí àwa bàbá náà. Oríkèé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ló ń wú, tó ń gbóná, n kì í lè gbé e nílẹ̀ lóru. Dókítà ní gáùtù ni, ó ní kí n jìnnà sí ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ẹran inú lápapọ̀. Ọbẹ̀ tí gbogbo ilé máa jọ jẹ dára, ṣùgbọ́n tí irú mi bá wà nínú ilé, ẹ bu tiẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó da ẹ̀dọ̀ sí i.

Ìyá Àánú (Owódé, Ọ̀yọ́)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Ọlọ́run á san án fún yín. Ìyá Olóúnjẹ, mo ti ka ọ̀rọ̀ màmá yẹn fún ọkọ mi, ó ní bí a ṣe máa ṣe é nìyẹn.

Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́, èmi fúnra mi wà nínú oyún, kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, wọ́n sì máa ń sọ fún wa pé aboyún gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀dọ̀. Ṣé kí n máa bá Àánú jẹ ẹ́? Èkejì, iná ìjọba kì í dúró ládùúgbò wa. Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́kù?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ẹ kú oríire oyún o, àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní. Ẹ má jẹ ẹ̀dọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Fítámínì A tí mo sọ yẹn, bó bá pọ̀ jù lára aboyún, ó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá, pàápàá láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ẹ wà yìí tí àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ ń dà. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti ń sọ fún àwọn aboyún tiwọn pé kí wọ́n yàgò fún ẹ̀dọ̀ pátápátá. Ọkàn, iwe, ẹran pupa, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, ẹ máa jẹ gbogbo wọn. Ẹ sì máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ àti fólíìkì tí wọ́n bá fún yín ní àyẹ̀wò oyún, ẹ má fò ó. Tí ẹ bá ń rin ẹ̀dọ̀ sínú ọbẹ̀, ẹ bu tiyín náà sọ́tọ̀, bí Bàbá Akẹ́sán ṣe wí.

Ìyá Olóúnjẹ Tàkíé (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ọlọ́run á sọ ẹ́ láyọ̀, ọmọ mi. Ẹ̀dọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tọ́jú bí kò bá síná. Ìwọ̀nba tí ẹ máa sè lọ́jọ́ náà ni kí ẹ rà. Kò sí ohun ìtìjú nínú kí èèyàn ní kí alápatà gé kékeré fún òun, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gé irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ mi. Ẹ lè lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń pa adìẹ tà lọ́jà, kí ẹ ní kí wọ́n bá yín kó ẹ̀dọ̀ àti iwe rẹ̀ jọ. Móínmóín tó ní ẹ̀dọ̀ nínú, ọjọ́ tí ẹ bá sè é ni kí ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ má jẹ́ kó sùn. Ti ọbẹ̀, bó bá ṣẹ́kù di alẹ́, ẹ gbé e kaná kó hó kúdukùdu kí ẹ tó sùn, kí ẹ tún gbé e kaná láàárọ̀, kó sì tán láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Àánú, ẹ gbé e padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Bí ẹ bá tilẹ̀ rí i tó ti ń sáré kiri, ẹ má dá oògùn dúró títí wọ́n á fi ní kí ẹ dá a dúró.